Ìwọ̀n Kòkó

Ó ku alẹ́ kan ká wọ igbó Jéfọ́ọ̀,
mo tú ẹrù mi sílẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Àtìkòrí:
àgọ́ tí wọ́n ká bí ẹní,
okùn, tọ́ọ̀ṣì, bátìrì mẹ́jọ nínú ọ̀rá,
túùbù méjì, púlọ́ọ̀gì kan, sípánà mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá,
gààrí tó kan dáadáa, irú èyí tí ń múni ṣẹ́jú,
iyọ̀, ìṣáná tí mo yọ́ àbẹ́là lé lórí
kí omi má bàa rí i mú.
Fẹ́yíṣará dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn.
"Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta," ó ní,
"tó nílé, tó ní bẹ́ẹ̀dì,
tó ń sanwó kí wọ́n mú un lọ sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀."
Mi ò fèsì. Mò ń ka bátìrì.

Súsúkì pupa náà wà lábẹ́ igi ọsàn,
ṣéènì rẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ táyà
bí ẹni ń wo ìbẹ́pẹ bóyá ó ti pọ́n.
Adéṣínà àbúrò mi ló ni ín kó tó di tèmi.
Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé pákó àti ìyá ọlọ́mọ,
alẹ́ kì í lẹ̀ kó má sọ ọ́:
"Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìwọ, a ó lọ wo erin."
Erin ò kúkú jìnnà.
Ọjọ́ kan ọ̀hún ló kọ̀ tí kò dé.

Mùfútàù Odùnúgà ni yóò mú wa lọ.
Ó ti wa ọkọ̀ gẹdú rí, ó mọ afárá tó ti jẹrà
bí èèyàn ṣe ń mọ eyín tó ń dùn ún.
Ó kó àwa mẹ́rin jọ sí ìsọ̀ kòkó bàbá rẹ̀,
ó gbé ìwọ̀n kọ́ òpó.
"Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò gbọdọ̀ lé.
Ẹrẹ̀ ò mọ ọmọ ọlọ́lá."
Ẹrù tèmi fa ìwọ̀n dé mẹ́tàlélógún.
Olùkọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè rẹ́rìn-ín mi;
tirẹ̀ fa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rín gbẹ.

Ìkòkò irin jáde. Ìrọ̀rí jáde.
Ìkọ́kọrẹ́ tí Fẹ́yíṣará bù sínú kúlà jáde.
"Òórùn ẹja," ni Mùfú wí, "ṣé ẹ fẹ́ gbàlejò lóru ni?"
A jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.
Bíbélì ńlá di èyí tí ń wọ àpò.
Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìndínlógún àbọ̀.
Mùfú ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò,
ó fa bàtà òjò dúdú jáde, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì.
Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mọ́kànlélógójì ni mò ń wọ̀.
"Ta ló ni?"
Mo ní, "Adéṣínà."

Ó yí bàtà náà wò,
ó fi èékánná ha ẹrẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gìgísẹ̀,
ẹrẹ̀ tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ láti ọdún mẹ́ta.
Mo rò pé yóò jù ú sọ́dọ̀ ìrọ̀rí.
Ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́.
Ohun tó bá wà lẹ́sẹ̀ èèyàn, ìwọ̀n mi kì í kà á.
Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì o,
kó má bọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ nínú odò."

Aago mẹ́rin ìdájí. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.
Fẹ́yíṣará ti jí ṣáájú mi; mi ò béèrè bóyá ó sùn.
Ó fi bébà wé nǹkan, ó tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi:
ọ̀jọ̀jọ̀ mẹ́rin, ó ṣì gbóná.
"Èyí náà ò sí lórí ìwọ̀n," ó ní.
Mo ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kadà wúkọ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́.
Bàtà ńlá náà ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi.
Mo tún ẹsẹ̀ gbé.